Bí Àlejò Bá Gba Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Yín: Ọ̀rọ̀ Lórí Láísẹ́ńsì Òkèèrè àti Ìńṣọ́ránsì

    

Ushafa wa yìí, nítòsí Bwari ní Abuja, ti mọ àlejò í gbà tipẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, nígbà tí Bill Clinton tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà wá sí Nàìjíríà, ó dé Ushafa, àwọn ará ìlú sì jáde kí i. Títí dòní ni àwọn ènìyàn ṣì ń wá wo àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè kankan. Ọmọ ìyá wa ni. Òun ló ti Lọ́ndọ̀nù, Houston tàbí Toronto dé fún ọdún Kérésìmesì, tàbí tó wá ṣe ìsìnkú bàbá, tàbí tó wá gbé ìyàwó.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ó dé lálẹ́ àná, ó sùn, ó jí, ó jẹ iyán tán. Ó wá sọ fún yín pé, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín, kí n sáré dé Wuse kí n padà." Kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń fún un. Ta ni yóò fi mọ́tò du ọmọ ìyá rẹ̀? Ó ṣe tán, ó ti ń wakọ̀ fún ọdún gbọọrọ ní ìlú òyìnbó, lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré bí ìjì. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

Òótọ́ ni. N kò bá yín jiyàn pé ó mọ ọkọ̀ wà. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Láísẹ́ńsì tó wà lápò rẹ̀ yẹn, ṣé ilé-iṣẹ́ tí ẹ san owó ìńṣọ́ránsì fún máa kà á sí? Mo tún un béèrè: bí ọkọ̀ yín bá gbá ènìyàn nígbà tó wà lọ́wọ́ ọmọ Lọ́ndọ̀nù, ta ni yóò sanwó? Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí òfin ń dáàbò bò. Ọ̀pọ̀ wa rò pé nítorí ọlọ́pàá la ṣe ń ra ìńṣọ́ránsì. Wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, a ó fi ìwé hàn, a ó kọjá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ẹ wo ọ̀nà Dutse sí Bwari tó gba Ushafa kọjá. Ẹ wo obìnrin tó ru ìkòkò létí títì, ẹ wo ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ kọjá sódì kejì, ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọ̀kadà wá owó oúnjẹ. Àwọn wọ̀nyí kò sí nínú àdéhùn tí ẹ bá ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì ṣe. Wọn kò bá yín ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yín bá gbá wọn, ayé wọn lè yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí tiwọn ni òfin ṣe sọ pé ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ rìn lójú títì láìní ìńṣọ́ránsì tí a ń pè ní third party. Ẹni tó wà níta àdéhùn náà gan-an ni third party.

Òfin yìí kì í ṣe ti àná. Láti 1945, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso, ni wọ́n ti ṣe òfin pé kí ọkọ̀ ní ìńṣọ́ránsì fún ẹni tí wọ́n bá ṣe léṣe. Òfin 2003 fi ti dúkìá kún un, ìyẹn ni pé bí ẹ bá ba ọkọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn jẹ́, ìńṣọ́ránsì yóò tún un ṣe. Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó kó àwọn òfin ìńṣọ́ránsì àtijọ́ jọ sójú kan. Ní ọdún yẹn kan náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé ìńṣọ́ránsì wò káàkiri Nàìjíríà.

Èló ni? Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àjọ NAICOM tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì sọ pé ₦15,000 ni owó third party fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣe ẹsẹ̀ rìn, fún ọdún kan gbáko. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ilé-iṣẹ́ yóò san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Bí ìbàjẹ́ náà bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ ó san ìyókù. Ẹ má sì gbàgbé èyí: third party kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló máa tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún tòun náà ṣe, comprehensive ni kó rà, owó rẹ̀ sì ju ti third party lọ dáadáa.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àlejò wa.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìńṣọ́ránsì tiwa àti ti Lọ́ndọ̀nù tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Ní Lọ́ndọ̀nù, orúkọ ẹni tó máa wa ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Bí orúkọ rẹ kò bá sí níbẹ̀, tí o kò sì ní ìwé mìíràn tó fún ọ láàyè, o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ìyàwó rẹ. Níbí, púpọ̀ nínú ìwé àdéhùn wa ló gba ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹnikẹ́ni tó bá fún láyè. Nítorí náà, àbúrò yín lè wa ọkọ̀ yín. Inú wa dùn, àbí?

Ẹ dúró ná. Gbólóhùn kan tẹ̀ lé e nínú ìwé náà, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń kéré débi pé a kì í kà á. Ó ní ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òfin ìwakọ̀ fún láṣẹ láti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ilé-ẹjọ́ kò sì gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́. Ìńṣọ́ránsì wà lára ọkọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń wo ọwọ́ ẹni tó di ìdarí mú. Bí awakọ̀ kò bá ní àṣẹ tó pé, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé àwọn kò ní tún ọkọ̀ yín ṣe. Wọ́n sì lè wá bá yín fún owó tí wọ́n bá san fún ẹni tó fara pa.

Ṣé láísẹ́ńsì òkèèrè ń fún ènìyàn ní àṣẹ tó pé, nígbà náà? Ó lè fún un, bí nǹkan bá wà bó ṣe yẹ. Kò gbọ́dọ̀ tíì kú. Mo ti rí àlejò tó fi láísẹ́ńsì tó ti kú ṣeré, tó ní òun máa tún un ṣe bí òun bá padà délé. Láísẹ́ńsì tó ti kú kò ní agbára ní ìlú tó ti wá, báwo ló ṣe máa lágbára ní Ushafa? Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ti irú ọkọ̀ tó fẹ́ wà. Àwọn kan wà ní Bìrìtìkó tí wọ́n fi ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ ṣe ìdánwò, ohun tó sì wà nínú ìwé wọn nìyẹn. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ pààrọ̀ jíà rẹ̀ ńkọ́? Bí onímọ́tò kékeré bá fẹ́ bá yín wa bọ́ọ̀sì èrò lọ sí ibi ìgbéyàwó ńkọ́? Ẹ wo ìwé náà dáadáa kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ohun tó wá ń fi ọkàn àlejò àti ẹni tó gbà á lálejò balẹ̀ ni ìwé ìwakọ̀ káríayé. Ìwé pélébé kan ni, tó túmọ̀ láísẹ́ńsì ẹni sí oríṣiríṣi èdè kí aláṣẹ ìlú mìíràn lè lóye rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o: kò dá dúró. Láísẹ́ńsì gidi gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó mú ìwé káríayé dání tó sì fi láísẹ́ńsì rẹ̀ sílẹ̀ sí Lọ́ndọ̀nù, kò mú nǹkan kan dání.

Ibo la ti ń gbà á? Níbi tí wọ́n ti fún ènìyàn ní láísẹ́ńsì ni. Ọmọ Bìrìtìkó ń gbà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù PayPoint láti 2024, ará Amẹ́ríkà ń gbà á lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ onímọ́tò wọn tí wọ́n ń pè ní AAA. Bí ènìyàn bá ti wọ bàálù, ó ti pẹ́ jù. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń retí àlejò, bí ẹ bá ń pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n bá yín ra bàtà àti aago, ẹ fi èyí kún un.

Ẹlòmíràn á ní, "Èmi ní ìńṣọ́ránsì olówó ńlá ní Houston." Ìńṣọ́ránsì Houston kò bá a wọ bàálù. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ti Nàìjíríà ni ọkọ̀ Nàìjíríà ń lò.

Mo tún fẹ́ ya ọ̀rọ̀ ẹni tó wá kí wa sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tó padà wálé wá gbé. Ọ̀pọ̀ ló ti ń padà wálé, tí wọ́n ń kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ òkè níbí nítorí atẹ́gùn Ushafa dára. Ẹ kú àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti di onílé kò gbọ́dọ̀ máa wakọ̀ bí àlejò. Ẹ lọ bá Road Safety kí wọ́n ṣe láísẹ́ńsì Nàìjíríà fún yín. Ẹ mú ti òkèèrè lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí i pé ẹ kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Àjọ yìí tí Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀ ní 1988 ló ni iṣẹ́ láísẹ́ńsì, kì í ṣe àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró níta géètì pé àwọn lè bá yín ṣe é kíákíá.

Wàyí o, mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bàjẹ́ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìńṣọ́ránsì, wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù. Ó ń béèrè ẹni tó máa wa ọkọ̀, irú láísẹ́ńsì tó ní, àti bóyá ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Kí la máa ń ṣe? A máa ń sọ fún aṣojú ilé-iṣẹ́ pé, "Ẹ bá mi kọ ọ́, mo ń kánjú." Ó ń kánjú bíi tiyín, ó kọ ohun tó bá ti wá sí i lọ́kàn, ó ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé òfin 2003, kí ti 2025 tó dé, ti kìlọ̀ nípa èyí? Ó ní aṣojú tó bá bá yín kọ fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ yín ló ń ṣe lásìkò yẹn, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Bó bá kọ irọ́, irọ́ yín ni. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, kí ọmọ yín kà á sókè sí yín létí kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Òfin kan náà ló sì gbèjà yín. Ó ní ohun tí ilé-iṣẹ́ kò béèrè nínú fọ́ọ̀mù, wọn kò lè padà wá sọ pé ẹ fi pa mọ́ fún àwọn. Ṣé ẹ rí i? Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n béèrè, kí ẹ sì dáhùn rẹ̀ lóòótọ́. Bí láísẹ́ńsì bá jẹ́ ti Kánádà, ẹ kọ Kánádà. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ ti ra ìńṣọ́ránsì ni àlejò dé, ẹ fi ìwé tàbí ímeèlì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà: "Àbúrò mi dé láti Kánádà, irú láísẹ́ńsì tó ní nìyí, ó máa wa ọkọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé ẹ gbà?" Kí ẹ sì gba èsì wọn lákọsílẹ̀. Èsì orí fóònù kò tó. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ní ẹ̀yìn. Ọmọ tiwa náà ń lọ sọ́hùn-ún. Àwọn òbí ń gbọ́ wa tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Peckham tàbí Manchester pẹ̀lú láísẹ́ńsì Nàìjíríà. Ẹ bá mi jíṣẹ́ fún un. Ní Bìrìtìkó, ẹni tó bá wá gbé ibẹ̀ lè fi láísẹ́ńsì Nàìjíríà wakọ̀ fún oṣù 12 péré. Ọjọ́ tó di ará ìlú ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó ra mọ́tò. Bí oṣù 12 bá pé, ó parí. Wọn kì í sì í pààrọ̀ ti Nàìjíríà fún tiwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ìlú kan. Yóò gba láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́, yóò ṣe ìdánwò orí ìwé, yóò sì ṣe ti ojú títì. Kó tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí àyè ìdánwò kì í tètè yọ.

Bó bá kọ̀ ńkọ́, tó ń wakọ̀ lọ lẹ́yìn oṣù 12? Kò láṣẹ ìwakọ̀ mọ́ nìyẹn, ìńṣọ́ránsì tó ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù sì lè já sí òfo fún un. Ọlọ́pàá ibẹ̀ kò nílò kó dá a dúró kó tó mọ̀ bóyá ọkọ̀ ní ìńṣọ́ránsì. Ẹ̀rọ wọn ń ka nọ́ḿbà ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá. Owó ìtanràn ojú ẹsẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 300 àti àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà lórí láísẹ́ńsì, wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ lọ. Ẹni tó bá gba àmì mẹ́fà yẹn láàárín ọdún méjì tó yege ìdánwò, wọ́n á gba láísẹ́ńsì náà padà, á tún ìdánwò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n bá ń ra ìńṣọ́ránsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí i pé owó ẹni tó ní láísẹ́ńsì òkèèrè ga. Ọ̀rẹ́ kan á ní kí wọ́n tẹ "láísẹ́ńsì Bìrìtìkó", owó á wálẹ̀. Ó wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n pa. Ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ máa ní kí wọ́n mú láísẹ́ńsì wá. Òfin ibẹ̀ máa ń mú kí ilé-iṣẹ́ sanwó fún ẹni tó fara pa, nítorí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ lè dojú kọ awakọ̀ tó purọ́, kó gba gbogbo owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó lọ wá ọjọ́ ọ̀la lọ́hùn-ún wá di ẹni tó ń fi owó oṣù san gbèsè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kùtọnu tàbí Lomé, ẹ máa gbọ́ tiyín. Ìńṣọ́ránsì Nàìjíríà nìkan kò tó bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè. Káàdì kan wà tí a ń pè ní Brown Card, tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò lé lórí ní Kùtọnu ní 1982. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì yín lẹ ó ti béèrè fún un kí ẹ tó gbéra. Bí ọkọ̀ yín bá gbá ènìyàn ní Kùtọnu, káàdì yìí ló máa jẹ́ kí wọ́n bójú tó o gẹ́gẹ́ bí òfin Benin ṣe wí. Ẹni tí ẹ gbá nìkan ló wà fún. Kò ní tún ọkọ̀ yín ṣe, kò sì rọ́pò láísẹ́ńsì.

Bóyá ẹnì kan ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, ṣé nítorí àlejò ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo wàhálà yìí? Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Bí ọ̀la bá wá yàtọ̀, tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹni tó fara pa ló ṣáájú. Ẹ gbé e dé ọsibítù kí ẹ tó wo bọ́ńpà. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni lójú títì, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, nítorí ilé-iṣẹ́ lè torí ìyẹn bínú yọwọ́. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n wà. Ẹ sì ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú pé ìwé ìńṣọ́ránsì yín kì í ṣe ayédèrú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń pè ní askNIID, ẹ tẹ nọ́ḿbà ọkọ̀ yín, ẹ ó rí i bóyá ó wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlejò ló wakọ̀, iṣẹ́ kan kù tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ ní kó jókòó, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò láísẹ́ńsì rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ ya ti ìwé ìwakọ̀ káríayé rẹ̀, ẹ ya ojú ewé pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wọlé lù. Ẹ gba nọ́ḿbà àti ímeèlì tó ń lò lọ́hùn-ún. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, nítorí bàálù rẹ̀ lè gbéra kí ilé-iṣẹ́ tó parí ìwádìí, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n sì máa bá nílé.